Lọ́fínńdà Tó Sọ Òtẹ́ẹ̀lì Di Ahoro

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé? Ẹ má sọ fún mi pé àgbẹ̀ kan ló ti oko bọ̀ tó sọ ọ́. Irọ́ ni. Lọ́fínńdà ló fà á. Ẹ jókòó dáadáa.

Láoyè ni orúkọ ọkùnrin náà, ará Ìdí-Ọsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa po lọ́fínńdà, òtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó ní ìlú òkèèrè ló sì fi ń sọ wọ́n lórúkọ: Yàrá Ọba ní Dùbáì, Òwúrọ̀ Párísì, Etíkun Sansibá. Ẹni tó bá fín in sọ́rùn, ìrìn rẹ̀ á yí padà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Láoyè fúnra rẹ̀ kò kọjá Ọ̀fà rí.

Ìbíwùmí ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Olówó orí mi, ẹ ti yí ayé po láìwọ bàtà."

Ìbíwùmí kú nígbà ọyẹ́. Láoyè ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, òórùn rẹ̀ kọ lù ú: káńfọ̀, ọṣẹ dúdú, èéfín igi tó rá mọ́ gèlè. Ó rí i pé òórùn náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó pò ó, ó dà á nù, ó tún un pò, títí ó fi bá a dọ́gba. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó kọ orúkọ sí i lára: Ìbíwùmí. Ó fẹ́ kí ayé máa pe orúkọ yẹn. Kò tún fẹ́ nǹkan mìíràn.

Àsìkò náà ni Olóyè Kúṣìmọ́ ṣí òtẹ́ẹ̀lì ńlá sí ìgboro, tòun ti omi tó ń fò sókè láàárín ọgbà. Inú rẹ̀ ni òun náà ń gbé, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ní kó lọ máa hanrun níbòmíràn. Ó ránṣẹ́ pe Láoyè.

"Mo fẹ́ òórùn tí àlejò á gbọ́, tí á gbàgbé ilé ẹ̀."

Láoyè gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀fìnkìn ti dí Olóyè nímú pa, kò gbọ́ òórùn kankan. Orúkọ ló kà.

"Ta ló ń jẹ́ Ìbíwùmí?"

"Ìyàwó mi ni, Olóyè."

"Kí ló kan àlejò kan ìyàwó rẹ? Ìrọ̀lẹ́ Mónákò ni kó máa jẹ́."

"Rárá o."

"Rárá kẹ̀? Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Ẹ ò ní sọ ìyàwó mi di Mónákò. Ibi tí kò dé rí! Bí kò bá jẹ́ Ìbíwùmí, mò ń gbé e lọ."

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. A ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ amúlétutù lónìí. Bí àlejò kan ṣoṣo bá ráhùn, ó ti di Mónákò nìyẹn. Bí kò bá sẹ́ni tó ráhùn, èmi fúnra mi ni màá ní kí wọ́n kọ Ìbíwùmí sára ògiri."

"Mo gbà."

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ gbé Ìbíwùmí wọ gbogbo yàrá.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta mọ́tò ló kọ́kọ́ jáde. "Ta ló ń sun àgbàdo níbí?" Wọ́n ní kò sí àgbàdo. Ó ní, "Irọ́ lẹ̀ ń pa, ìyá mi ló ń sun ún." Ó wọ mọ́tò lọ.

Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ rí màmá mi."

"Ìjẹta la ṣe ìgbéyàwó!" ni ọkọ wí. Òun náà wá fa èémí sínú. "Èmi náà fẹ́ rí màmá tèmi." Ọ̀tọ̀ ni mọ́tò tó gbé ọkọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tó gbé ìyàwó.

Aṣòfin kan wà lókè, tó ti sọ nílé pé Àbújá lòun wà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù: "Mo ti ń bọ̀ láti Àbújá." Kó tó pa fóònù, ó ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ní, "Ṣé ẹyẹ ni ẹ́ ni?"

Òyìnbó tó wá wo ilẹ̀ kùsà ní òórùn ilé ìdáná ìyá àgbà òun ni, ó dì mọ́ Olóyè, ó dúpẹ́, ó lọ. Alásè fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣí i, ó gba ibẹ̀ jáde, ó tì í láti ìta, ó ń lọ.

Olóyè sáré dé. "Láoyè! O pa mí o!"

"Ta ló ráhùn, Olóyè?"

"Wọ́n ti lọ tán!"

"Mo rí wọn. Ta ló ráhùn nínú wọn?"

Olóyè ronú, kò rí ẹnì kan. Inú bí i. "Mónákò ló ń jẹ́! Èmi ni mo ni òtẹ́ẹ̀lì!"

"Ẹ ni òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ò ni ìyàwó mi."

Olóyè já ìgò gbà, ó fẹ́ fi èékánná ha orúkọ tó wà lára rẹ̀ kúrò. Láoyè dì í mú. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, ìdajì rẹ̀ dà sí Olóyè lágbádá. Olóyè sín. Ó tún sín. Imú rẹ̀ là.

Ó gbé etí agbádá náà sí imú.

"Láoyè, ìyàwó mi ní mò ń hanrun."

"Ẹ ń hanrun, Olóyè. Ẹ rẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Èmi ò rí."

Olóyè gbé báàgì rẹ̀, ó kọjú sọ́nà ilé. "Bí àlejò bá dé ńkọ́?"

"Màá kọ nǹkan sẹ́nu ọ̀nà."

Láoyè mú èédú. Ó kọ́kọ́ kọ Ìbíwùmí gàdàgbà sára ògiri, bí àdéhùn ti wí. Ó wá jáde lọ síbi géètì. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ìlà kan péré ló kọ.

Àwọn èrò Èkó dé tòun ti ẹrù àti ebi. Wọ́n kà á, wọ́n wo ara wọn, wọ́n yí mọ́tò padà. Gbogbo ìlú tí wọ́n gbà kọjá ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ni àwọn àgbà bá gbà á, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọgbọ́n ńlá ni. Ọgbọ́n kẹ̀? Ìkéde pé òtẹ́ẹ̀lì ti kógbá sílé ni Láoyè kọ síbẹ̀: Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.