Agbádá Bébà Níwájú Ọba

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà Òkè-Ìlárá máa wí pé, "Ọjọ́ ìdọ̀bálẹ̀ là ń mọ agbádá"? Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ gbọ́.

Obìnrin kan tó ń ṣe bébà wà ní ìlú náà, Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ará Jàpáànù kan. Bébà tó ń ṣe ni wọ́n ń pè ní wàṣì, ìyẹn bébà ilẹ̀ Jàpáànù. Á bó èèpo inú igi, á sè é, á gún un lódó títí á fi rí bí òwú, á wá fi asẹ́ gbé e nínú omi. Àwọn aládùúgbò á máa ké láti ojú ọ̀nà pé, "Ìyàwó, iyán èèpo igi ò tíì kúnná ni?" Á rẹ́rìn-ín, á tún gbé ọmọ odó sókè. Mo kan sáárá sí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í ráyè bínú.

Abà kan tí Ọba yọ̀ǹda fún un létí odò ló ti ń ṣe gbogbo èyí. Láìsí abà náà, iṣẹ́ parí. Ọlátẹ́jú tó ń ta ìwé lọ́jà sì fẹ́ràn abà náà. Ó lọ bá Ọba.

"Kábíyèsí, èmi náà mọ iṣẹ́ yìí. Wàṣì, orígámì, kirígámì, kamíkò, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ gbé abà fún mi."

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, wọ́n kàn jọra létí ni. Wàṣì ni bébà fúnra rẹ̀. Ká ká bébà di ẹyẹ, orígámì nìyẹn. Ká fi sísọ́ọ̀sì gé e, kirígámì nìyẹn. Ẹ̀wù tí a fi bébà rán ló ń jẹ́ kamíkò."

"Ẹ̀wù bébà kẹ̀?" Ẹnu ya Ọba. "Ó dáa. Kí ẹ̀yin méjèèjì rán agbádá bébà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló ni abà."

Oṣù méjèèjì ni Ìbídùnní fi ń gún èèpo, tó ń fi oje èso pa bébà kí omi má baà wọ̀ ọ́, tó ń rún un lọ́wọ́ kó lè rọ̀. Ọlátẹ́jú ní tirẹ̀ ń ṣeré kiri. Nígbà tó ku ọ̀la, ó kó kàlẹ́ńdà àtijọ́ jọ, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ wọ́n pọ̀ di agbádá, ó sì fi ọ̀dà funfun kun ìta rẹ̀, ojú kàlẹ́ńdà wá kọ sínú. Ooru ẹ̀wù náà pọ̀ tó fi jẹ́ pé ṣòkòtò péńpé nìkan ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àgbàlá ààfin sì di ẹrẹ̀. Láyẹmí, ọkọ Ìbídùnní, ló wọ agbádá tí ìyàwó rẹ̀ rán. Ṣùgbọ́n Ọlátẹ́jú ni gbogbo ojú ń wò.

"Ó ń dán bí awò!" ni Olóyè Ẹ̀kẹrin wí. "Ìbídùnní, tìẹ yìí jọ àpò gààrí o."

Omijé ti dé ojú obìnrin náà nígbà tí Ọba jáde. Láyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Ó dìde, ó gbọn ara, ẹrẹ̀ já bọ́, agbádá ò ya. Ọlátẹ́jú kàn tẹ orí ba díẹ̀.

"Ìwọ Ọlátẹ́jú, ṣé ẹgbẹ́ ni ìwọ àti Kábíyèsí?" ni Olóyè bi í. "Dọ̀bálẹ̀!"

"Bàbá, ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Mo ní dọ̀bálẹ̀!"

Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ó tó, dìde," ni Ọba wí.

"Kábíyèsí, ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn."

"Dìde!"

Ọlátẹ́jú dìde. Agbádá ò dìde. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ bí ẹni pé òun gan-an ló ń kí Ọba. Ewúrẹ́ ààfin gbóòórùn ẹ̀kọ, ó sáré dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọrùn ẹ̀wù. Ìyá àgbà kan wá tẹjú mọ́ Ọlátẹ́jú nínú ṣòkòtò péńpé rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Oṣù Kẹjọ ti tẹ̀ mọ́ ọn níkùn, àti ọjọ́ ìsinmi ibẹ̀!"

Ọba rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Ìbídùnní," ó ní, "ìwọ lo ni abà, àtìwọ àti àtọmọdọ́mọ rẹ."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń dán yanran tí kò fẹ́ tẹríba fún àgbà, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn ní kó dọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ ìdọ̀bálẹ̀ là ń mọ agbádá.