Bí Ajíṣafẹ́ Ṣe Ka Ojú Ìwé Mẹ́rin fún Ìdílé Rẹ̀

Ẹ bá wa kí Ajíṣafẹ́ Adégbìtẹ́, akin inú pálọ̀, ọ̀gágun orí àga onírin, ọmọ Adégbìtẹ́ afìwéránṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri Èjìgbò láìsọ ẹyọ kan nù, ọmọ-ọmọ ìyá tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan lé àgùntàn ọba jáde lóko ẹ̀gẹ́. Ọ̀mọ̀wé tó gboyè ìpele kìíní ní yunifásítì, tó wá kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì fèsì sí ọ̀kan ṣoṣo.

Ogun tó dìde sí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yìí kì í ṣe ogun ọ̀lẹ. Ó fẹ́ ka orí kìíní *Abẹ́kẹ́ Lórí Omi*, ìwé ìtàn tó sọ òun fúnra rẹ̀ di òǹkàwé lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, sétí gbogbo ilé, pàápàá Ìníolúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì fìfẹ́ ṣí ìwé kankan rí, kí ìyá ọmọ náà tó wá gbé e padà s'Ékòó láago mẹ́rin. Bí ọmọ yìí bá lọ láìfẹ́ gbọ́ èyí tó kù, a jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí Ajíṣafẹ́ gbà pé òun mọ̀ ọ́n ṣe láyé, kò mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ pàṣẹ fún ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, ó ní: "Abẹ́kẹ́ jí, ó rí i pé odò ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Abẹ́kẹ́ wo?" Bàbá béèrè. "Ọmọ ta ni?"

"Ìwé ò sọ, Bàbá."

"Ojúlé kelòó ni wọ́n ń gbé?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kómi ó gbé wa lọ," Màámi gbàdúrà, gbogbo ilé sì ṣe àmín.

Ajíṣafẹ́ kì í pariwo bí inú bá ń bí i. Gbólóhùn rẹ̀ ló máa ń kúrú sí i. "Ìdádúró mẹ́ta," ó wí. "Lórí gbólóhùn kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ mọ́ títí orí yìí yóò fi parí."

Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kó tó ka ìdajì ojú ìwé, àgbọ̀n Bàbá ti sùn sáyà, Màámi ti gbé ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà, Ìníolúwa sì ti lọ wá bàtà rẹ̀ kejì. Ọ̀gágun wojú ogun: kò sí ọ̀tá kankan lórí ìdúró, kò sì sí ọmọ ogun tirẹ̀ náà níbẹ̀.

Aago ti lu mẹ́ta ààbọ̀. Nígbà náà ni ọkùnrin tí kì í fi àmì kan kún ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ṣe ohun tí yunifásítì ìbá torí rẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Abẹ́kẹ́," ó tún bẹ̀rẹ̀, "ọmọ Làmídì kanlékanlé, ojúlé kejìlá, Òpópónà Ìsàlẹ̀ Odò."

Bàbá lajú. "Ojúlé kejìlá. Mo mọ ilé yẹn. Ajá pupa kan wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló gé mi jẹ."

Ìníolúwa yọjú, bàtà kan lẹ́sẹ̀. "Bàbá àgbà, ṣé omi ò gbé ajá yẹn lọ?"

"Bi ẹni tó ń kàwé."

Báyìí ni ajá tí òǹkọ̀wé kò mọ̀ rí ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi ní ojú ìwé kejì, tí Màámi fi gbàdúrà fún un ní ojú ìwé kẹta, tí gbogbo ilé sì ṣe àmín láìsí ẹni tó bá wọn wí.

Fèrè mọ́tò dún níta. Àǹtí Ìbídùn, ìyá Ìníolúwa, wọlé. "Ìníolúwa, gbé báàgì ẹ, ọ̀nà jìn."

"Jókòó ná, Ìbídùn," Bàbá wí. "Omi ti dé òrùlé."

Àǹtí Ìbídùn jókòó. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin, ọkọ̀ dojú dé, orí kìíní sì parí.

"Ánkù, ajá yẹn ńkọ́?" Ìníolúwa nawọ́ sí ìwé náà. "Ẹ jẹ́ n máa kà á lọ lọ́nà."

Akin inú pálọ̀ fi ìwé pamọ́ sẹ́yìn kíá. "Rárá o. Èmi ni n ó máa kà á fún ọ lórí fóònù."

Nítorí náà, kí Èjìgbò gbọ́, kí Ìwó gbọ́, kí ó dé etí Ògbómọ̀ṣọ́: láàárín wákàtí méjì, Ajíṣafẹ́ Adégbìtẹ́ ka odidi ojú ìwé mẹ́rin nínú igba ó lé mẹ́fà, kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ níkẹyìn: ajá kan ni yóò máa bọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ojú ìwé igba ó lé méjì tó kù.