Bí Ọláòṣebìkan Ọmọ Ọ̀nì Ṣe Gba Afárá Ìdí-Àgbọn

Ẹ dé fìlà yín dáadáa, ẹ tún gèlè wé, nítorí orúkọ tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń fi ìjókòó gbọ́. Ọláòṣebìkan ni, ọmọ Akínṣowọ́n, ọmọ ọmọ Ògúnṣẹ̀yẹ atukọ̀-láìmikàn, àrólé ìdílé Ọmọ Ọ̀nì, àwọn tí baba ńlá wọn bá ọ̀nì mulẹ̀ nígbà tí ọ̀sà ṣì wà lọ́mọdé, tí wọ́n jọ ṣàdéhùn pé ọ̀nì kankan kò ní fi ehín kan ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn kankan kò ní kọjá lára ọ̀nì láìfi oríkì kí i. Ọkùnrin gìrìpá, ẹlẹ́sẹ̀ bí òpó ààfin, ẹni tó bá húkọ́ nínú yàrá tí adìyẹ ojúlé mẹ́ta á sá wọlé!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ogun náà, Àwẹ̀ró aya rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò tíì dé àárín tí akọni fi gbé ọwọ́ sókè.

"Àwẹ̀ró, ariwo ẹ̀yin obìnrin yìí ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn."

Ó yí rédíò sókè. Àwẹ̀ró dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, ó ní, "Ó dáa. Kí rédíò máa kì yín."

Ẹ rántí rédíò yẹn o.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé Ẹgbẹ́ Àgbà Òkè-Ata lọ wo ọgbà igbó tó wà létí òkun ní Ìdí-Àgbọn, Ọláòṣebìkan dìde dúró, ó di irin ìjókòó mú, ó sì búra pé bí ẹranko kan bá dínà lónìí tí òun kò bá lè mú un yẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Ọmọ Ọ̀nì mọ́ títí òun yóò fi wọlẹ̀.

Alàgbà Kúkọ̀yí, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ẹlẹ́nu bí abẹ ìfárí, ní, "Ọmọ Alángbá la ó máa pè yín nígbà náà, àna wa."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró nìkan ló ń wo ojú fèrèsé.

Wọ́n wọ igbó. Mọ́níṣọ́lá, ọmọbìnrin tó ń mú àlejò rìn nínú ọgbà, ló ṣáájú, akọni sì tẹ̀ lé e nínú bàtà rọ́bà tó ń ké fìn-ìn fìn-ìn bí àyà ọ̀tá. Ọ̀bọ kan yọjú láti orí igi, ó wo Ọláòṣebìkan láti fìlà dé bàtà, ó họ ìdí, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì: ojora ti mú un. Àwọn akàn etí àbàtà gbúròó bàtà rọ́bà, gbogbo wọn ya wọ ihò, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ojú kò lè kà tú ká láìjẹ́ pé ẹnì kan ta ọfà. Ọ̀kín tẹ́ ìyẹ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀ rẹrẹ láti yẹ́ ẹ sí. Kúkọ̀yí ní abo ọ̀kín tó dúró lẹ́yìn ló tẹ́ ẹ fún, ṣùgbọ́n ìlara ló ń dà á láàmú. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ sì gbé orin:

*Igbó rèé, omi rèé,*
*Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ ṣìnkìn,*
*Bí mo bá détí òkun,*
*Ma fomi oníyọ̀ bọ́jú.*

Wọ́n ń kọ ọ́ bọ̀ títí wọ́n fi dé afárá. Afárá pákó ni, tóóró, lórí àbàtà dúdú. Òun nìkan ló lọ sí etí òkun, níbi tí kúlà ìrẹsì ti ń dúró dè wọ́n. Ní àárín rẹ̀ gan-an ni ọ̀tá nà sí, tó gùn tó àgbàlagbà, tó fi àgbọ̀n lé pákó, tó ń yá oòrùn.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dúró," Mọ́níṣọ́lá ní. "Awọ́nrínwọ́n ni. Kì í jẹ èèyàn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi ìrù yẹn nà yín. A kì í sì í jù ú lókò níbí. Ẹ jẹ́ ká dúró títí oòrùn yóò fi sú u."

Kúkọ̀yí wú ikọ́ kékeré kan. "Ọmọ Ọ̀nì, wọ́n ń béèrè yín."

"Ṣé ọ̀nì nìyẹn ni?" ìyá kan béèrè.

"Àbúrò ọ̀nì ni," Ọláòṣebìkan dáhùn. "Mọ̀lẹ́bí ni wá."

Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, àgbọ̀n sí àgbọ̀n pẹ̀lú ọ̀tá, ó sì bú jáde bí àrá: "Ọmọ ọ̀nì abìrù-gígùn! Ọmọ arìn-lábàtà-má-yọ̀! Ọmọ onílé omi tí kò lẹ́nu ọ̀nà!"

Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dákẹ́ sí ojú ibẹ̀ náà. Nítorí pé ọkùnrin ilé ni wọ́n ń kì, àwọn ìyàwó ilé ló ń kì í. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń rọ oríkì yìí sí i létí, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó dùbúlẹ̀ gbọ́ òjò lórí páànù ni. Ó dùn mọ́ ọn, kò há a sórí.

Awọ́nrínwọ́n yọ ahọ́n, ó fà á padà.

"Ọmọ Alán..." Kúkọ̀yí bẹ̀rẹ̀.

Akọni yí ọrùn padà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Àwẹ̀ró."

"Mo wà ńbí." Ẹ̀pà ló ń jẹ.

"Kí ló kàn lẹ́yìn onílé omi?"

"Ẹ bi rédíò."

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ di ara wọn mú kí ẹ̀rín má gbé wọn jù sínú àbàtà.

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́. Orúkọ baba mi ló fẹ́ bọ́ sómi yìí."

Àwẹ̀ró dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu. Orúkọ yẹn ni gbogbo ọmọ tó bí ń jẹ́. "Rédíò ńkọ́?"

"Mo ti pa á."

"Láàárọ̀ ọ̀la ńkọ́?"

"Mo pa á."

"Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ka èsì ìbò ńkọ́?"

Awọ́nrínwọ́n gbé orí sókè.

"Mo pa á!"

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ tì í, ó la ohùn: "Ọmọ onílé omi tí kò lẹ́nu ọ̀nà, àlejò wọlé, kò rí ibi jáde! Ọmọ asùn-lóòrùn-bí-òkú, ẹ pè é, kò jẹ́, ẹ dárúkọ ẹran, ó dáhùn! Ọmọ abẹnu-gbàgàdà, tó jẹun yó tó ní òun ń tọ́ ọ wò ni! Ọkọ mi, dìde, ilẹ̀ ti mọ́!"

Awọ́nrínwọ́n dìde. Ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó yí ìdí padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì bọ́ sínú àbàtà jàbú. Kúkọ̀yí ní ariwo ló lé e. Ẹ má dá a lóhùn.

Nítorí náà, kí ó di mímọ̀ láti etí òkun dé Òkè-Ata, fún ohun tó ń rìn àti ohun tó ń rákò, pé Ọláòṣebìkan ọmọ Akínṣowọ́n ti gba afárá Ìdí-Àgbọn láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ti jẹ ìrẹsì rẹ̀ létí òkun, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ digbí. Kí akàn jáde nínú ihò. Kí Alàgbà Kúkọ̀yí lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Kí gbogbo rédíò ilẹ̀ yìí sì panu mọ́ láàárọ̀ ọ̀la títí Àwẹ̀ró yóò fi kì í tán. Oríkì náà gùn.