Orí Ọ̀jẹ́labí àti Oyè Oyèkànmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí? Ẹ sún mọ́ mi. Ìdílé onígbàjámọ̀ ni wá, bàbá ńlá tèmi, Ògúnrìndé, ló sì dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ẹni tí yóò bá fi mí rẹ́rìn-ín, kó tètè rẹ́rìn-ín.

Ní Òkè-Àgbọn, orí pèpéle gíga kan tó ní àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń jẹ oyè. Ẹni tí wọ́n bá fá orí rẹ̀ níbẹ̀, òun ni olóyè, ìlú ni yóò sì máa fún un níṣu jẹ. Bó bá jẹ́ kí irun tún bo orí òun, oyè bọ́ nìyẹn.

Nígbà tí oyè Ọ̀tún Baálẹ̀ ṣófo, gbogbo ìlú fẹnu kò lórí Oyèkànmí, ẹni tó mọ ìjà parí jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́. Pákó oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló fi ń rìn. Ogún ọdún ló ti ń retí oyè bàbá rẹ̀ yìí.

Báwo ni yóò ṣe gun àtẹ̀gùn? Ọjọ́ méje làwọn àgbà fi jíròrò. Ilé Oyèkànmí kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í.

"Apẹ̀rẹ̀ la ó fi fà á," Baálẹ̀ wí.

Ògúnrìndé aláṣejù bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ láti dán an wò. Okùn há ní ìdajì, ibẹ̀ ló wà títí oúnjẹ ọ̀sán fi tán nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ pákó lé àtẹ̀gùn, ó fi epo pupa pa á kí kẹ̀kẹ́ lè yọ̀ gòkè. Pákó yọ̀ lóòótọ́. Inú kòtò amọ̀ àwọn amọ̀kòkò ló gbé e lọ.

Ọjọ́ oyè pé. Ògúnrìndé nu amọ̀ kúrò létí, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, orí lorí ń jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fá orí ẹlòmíì dípò rẹ̀, ká wá lọ kí i nílé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jẹ́labí, ọ̀lẹ ìlú, ti na ọrùn kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

Bí irun ìkẹyìn ṣe bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn pèpéle. Oyèkànmí ló gòkè dé, tòun ti agbádá.

"Bàbá, ibo lẹ gbà?" Ògúnrìndé kígbe.

"Ẹ̀yìn ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti fi amọ̀ mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀. Aláboyún ń gbà á, arúgbó ń gbà á. Bí ẹ bá bi mí…" Ó rí orí tó ń dán. Omi lé sí i lójú. "Ta lẹ fá?"

Baálẹ̀ wúkọ́. Òun náà máa ń gba ibẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Kò kàn rántí ni.

"Èmi ni," Ọ̀jẹ́labí dáhùn. "Iṣu mi dà?"

Àràárọ̀ ló ń pe Ògúnrìndé kó wá fá orí òun, kí irun má baà hù. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ojú ti Ògúnrìndé débi tó fi ju abẹ sódò, ó ní ibà ń ṣe òun. Òun nìkan sì ni onígbàjámọ̀ ìlú. Kò pẹ́ tí orí Ọ̀jẹ́labí dúdú, oyè bọ́.

Oyèkànmí tún gba ẹ̀yìn gòkè. Ògúnrìndé mú abẹ tuntun dání.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni."

"Ṣé orí yín nìyí?"

"Fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Oyèkànmí gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fá orí ara rẹ̀.

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ọmọ tí a bá bí nílé wa, kó tó mọ abẹ dì mú: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.