Ojú Tó Wà Lára Ère Baba Ńlá Àwọn Lai

Wọ́n ṣí aṣọ lójú ère baba ńlá ìdílé Lai ní abúlé wa, Shixia, ojú Xiong Manfu ni wọ́n bá níbẹ̀.

Manfu kì í ṣe Lai. Àna wọn ni. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń sìn. Ó fẹ́ Suqin, ọmọ Bàbá Lai Dexun, ó sì kó wá gbé nílé àna rẹ̀. Àdéhùn irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé orúkọ ìdílé ìyàwó ni ọmọ yóò máa jẹ́. Àkọ́bí wọn obìnrin ń jẹ́ Lai. Suqin wá lóyún ẹ̀kejì, Manfu sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí eléyìí jẹ́ Xiong, kí orúkọ bàbá òun má bàa parẹ́.

Bàbá Dexun ní ó di ìgbà tí òun bá kú.

Ìjà náà ti pẹ́. Láyé àtijọ́, ìjọba kékeré kan wà tó ń jẹ́ Lai. Ọba ilẹ̀ Chu gbógun dé, ó run ún pátápátá. Àwọn tó sá àsálà fi orúkọ ìlú wọn ṣe orúkọ ìdílé kí ó má bàa ṣègbé. Ibẹ̀ ni orúkọ Lai ti wá. Ọmọ ìdílé wo wá ni ọba Chu yẹn?

Xiong.

Bí ẹ bá gbọ́ bí Bàbá Dexun ṣe ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ẹ ó rò pé àná ló ṣẹlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ Xiong, gbé ìrẹsì yẹn wá. Ẹ̀yin tí ẹ sun ilé wa!"

"Bàbá, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ọdún."

"Ṣé ẹ ti wá tọrọ àforíjì ni?"

Manfu á dákẹ́. Á gbé ìrẹsì wá.

Nígbà tí ìdílé fẹ́ gbẹ́ ère baba ńlá tó kó wọn sá wá sí gúúsù, Bàbá Dexun ni alága. Kò sẹ́ni tó mọ bí ojú baba náà ṣe rí, nítorí náà wọ́n ní kí agbẹ́kùúta wá wo ojú àwọn Lai tó wà láàyè. Ọkùnrin náà ti Fujian wá, ilé alága ló sì wọ̀ sí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, alága jókòó síwájú rẹ̀, ó ń yí imú sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì.

"Ẹ wo imú yìí dáadáa. Imú ọba ni."

Agbẹ́kùúta wò ó. Ó jẹun. Manfu ń bu ẹran pẹ́pẹ́yẹ fún un, àna Manfu ń bú Manfu, agbẹ́kùúta ń wo gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ.

Ọjọ́ ìṣíṣọ lójú ère pé. Àwọn Lai tó ń gbé ní Malaysia kún inú bọ́ọ̀sì dé, fìlà pupa lórí gbogbo wọn. Ère náà ga débi pé ẹyẹ ní láti sinmi kó tó gun orí rẹ̀. Ní tiwa, àgbà ìdílé ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan àwọ̀ pupa sẹ́yinjú ère. Tó bá ti kàn án, ẹ̀mí baba ńlá ti wọ òkúta nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi irin kan ojú náà mọ́ láéláé.

Bàbá Dexun bọ́ awò ojú rẹ̀ fún Suqin, nítorí fọ́tò.

Wọ́n fa aṣọ. Fìììì!

Gbogbo abúlé pa lọ́lọ́. Bàbá Dexun rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ó gun àkàsọ̀. Ó kan ojú ọ̀tún, tó! Ó kan tòsì, tó! Wọ́n ṣáná sí bángà: pá! Pá-pá-pá-pá! Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀.

"Suqin, gbé awò mi wá kí n rí baba wa."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ jẹun."

"Mo ní gbé e wá!"

Ó wọ awò. Ó gbójú sókè.

Ẹnu kékeré yẹn. Ojú tó ń rẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Etí méjèèjì tó yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò. Irùngbọ̀n gígùn nìkan ni kì í ṣe ti Manfu.

Manfu fúnra rẹ̀ dúró lábẹ́ ère, ó gbé ọbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ dání.

"Pùúù!" Ìyá Zhong, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Baba ńlá wa, ẹ rọra o, ọbẹ̀ yẹn gbóná!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ọpẹ́lọpẹ́ bángà tó ṣì ń ró, àwọn àlejò ì bá gbọ́.

Alága sáré lọ sẹ́yìn ère, ó pe agbẹ́kùúta lórí fóònù. Àwa kan tẹ̀ lé e, ohùn fóònù rẹ̀ sì ròkè.

"Ojú ta lo gbẹ́ fún mi?"

"Bàbá, ẹ ní kí n gbẹ́ ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, tó fara dà á, tí kò fọhùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú ojú bẹ́ẹ̀ nílé yín."

"Xiong ni!"

"Háà! Ṣebí ilé Lai ló ń gbé?"

"Wá tún un gbẹ́!"

"Ṣé wọn ò tíì kan àwọ̀ sójú ẹ̀?"

Alága wo àwọ̀ pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kàn án, Bàbá?"

Alága pa fóònù.

Nígbà tó fi máa padà síwájú ère, ìyá arúgbó kan láti Malaysia ti di Manfu lápá mú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ wá wo ọmọ yìí! Ẹ wo ojú, ẹ wo etí! Ẹ̀jẹ̀ Lai ò ṣeé fi pamọ́! Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ?"

Gbogbo fìlà pupa yíjú sí wọn. Manfu wo àna rẹ̀.

"Bàbá," ó rọra sọ ọ́, "ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo bá yín sọ ńkọ́?"

Òógùn bo alága. "Manfu, ọmọ mi..."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá yìí ń bi mí léèrè orúkọ o, Bàbá."

"Kó máa jẹ́ Xiong!" Bàbá Dexun di eyín, ó sọ ọ́ sí i létí. "Mo gbà! Mo ní mo gbà!"

Manfu gbé ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀, ó tẹríba fún ìyá arúgbó náà.

"Lai ni mí, Màmá. Ẹ káàbọ̀ sílé."

Suqin bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin ni. Xiong ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Gbogbo abúlé ló sì gbà pé ó jọ baba ńlá àwọn Lai.