Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Bá Ìbídùn Yan Kọ́ọ̀sì Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọṣọ, kó gbé ọṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń sùn, kí ìyàwó rẹ̀ jí i. Kábíyèsí kí yín, inú wọn ò sì dùn.

Gbogbo ìlú ló mọ Ìbídùn, ọmọ Látúnjí, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní yunifásítì. Wọ́n ní kó yan kọ́ọ̀sì méjì tó bá iṣẹ́ tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe mu. Ọ̀la ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù. Títí di àná, fọ́ọ̀mù ọ̀hún ṣófo, nítorí ẹ ò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbádùn. Ìyá oníbúrẹ́dì ní kó yan èyí tó lówó lórí. Tíṣà àgbà ní kó yan èyí tí máàkì rẹ̀ rọrùn. Pásítọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù tó jóná wá bá a, ó ní ṣebí ohun tó ń kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, àṣẹ jáde.

Èkíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Ìbídùn yan kọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹnikẹ́ni!

Èkejì: áyọ́ọ̀nù tàbí fáànù tó bá wọ ilé wọn kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù, ààfin ló ni ín.

Ẹ̀kẹta: Kábíyèsí fúnra wọn jẹ̀bi. Àwọn ló ní kó yan kọ́ọ̀sì tí iná ààfin ò fi ní í kú mọ́. Wọ́n ti fi àgbébọ̀ adìẹ kan tanràn fún ara wọn, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kẹrin: ẹni tó bá tún rú òfin yóò máa pọnmi ààfin láti odò, láàárọ̀ lálẹ́, títí omi ẹ̀rọ yóò fi yọ nílùú yìí.

Ẹ má tíì lọ. Òfin ti mú ẹnì kan, Látúnjí ni, bàbá ọmọ, ẹni tó ń lu agogo yìí. Ó gbọ́ pé kọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n fi ń gbé ohùn èèyàn gba ojú afẹ́fẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, orí rẹ̀ wú, ó ní iṣẹ́ ìkéde ìran àwọn rèé. Láàárọ̀ yìí, tí àṣẹ Kábíyèsí ti wà létí rẹ̀, ó mú báírò, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ìbídùn sunkún. Ẹkún náà dun Látúnjí wọ eegun, ó sì fagi lé ohun tó kọ.

Ọmọ náà wá kọ tirẹ̀: kọ́ọ̀sì ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́, àti kọ́ọ̀sì iná oòrùn. Láti kékeré tó ti ń ru omi gòkè odò ló ti ń sọ pé òun á ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi náà wá sílé.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán Látúnjí ló jẹ́ yìí. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Ẹ bá a bẹ Ọlọ́run kí ọmọ náà tètè mọ ìwé rẹ̀, nítorí odò jìn. Agogo ti kalẹ̀, garawa ló kàn.