Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Tú Àṣírí Aago Súwísálándì

Bí a bá rí erin, ká wí pé a rí erin. Ọdẹ́jìnmí Àkànjí ni mo fẹ́ kì: ọmọ Ọdẹ́tọ́lá tó bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà títí ẹfọ̀n fi gbàgbé ọ̀nà ilé, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́kúnlé tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà odò. Baba ńlá rẹ̀ fi ọ̀kọ̀ jà, baba rẹ̀ fi ìbọn jà. Òun, tó ń tún aago ṣe lọ́jà Ìkìrun, irin tín-ínrín tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ ló fi ń jagun.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Ìyá Tàbítà, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òbí, sáré gbé aago ọwọ́ tuntun kan wá pé kí ó bá òun gé okùn rẹ̀ kúrú. Ọ̀gá Fádípẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ta lọ́rẹ, ọ̀gá ilé-ìwé tó ń fẹ̀yìn tì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì na òpùrọ́ lẹ́gba.

Ọdẹ́jìnmí gbé awò kékeré sójú. Ojú aago sọ pé Súwísálándì ni wọ́n ti ṣe òun. Àmọ́ bébà kan tí kò tó èékánná ọmọdé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí eégbọn.

“Ìyá Tàbítà, ta ló sọ pé Súwísálándì ni wọ́n ti ṣe é?”

“Bísíríyù tó tà á ni. Ó tiẹ̀ búra.”

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọdẹ hó nínú ọmọkùnrin! Òfin ọjà wa kò fara sin: ibi tí ẹ̀rọ inú aago ti wá ni kí a kọ sára rẹ̀, bí okùn rẹ̀ tiẹ̀ ti inú òṣùpá wá. Ó fi èékánná kọlu bébà náà, bébà kọ̀. Ó fi irin kọlù ú, gọ́ọ̀mù dì í mú bí ìgbà tí igún di òkú ẹran mú. Òógùn bò ó. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n, ó sáré wá wòran. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí kán ẹ̀kán kẹrosínì kan ṣoṣo sí i, bébà túúbá! Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fín in sí gbàgàdà: Ṣáínà. Ó ṣí inú aago wò. Ẹ̀rọ náà jẹ́rìí sí i.

Bísíríyù ti gbọ́ ariwo láti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ti dé. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé aago náà ò ṣiṣẹ́ ni?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹnu ìwọ tó tà á ni kò ṣiṣẹ́.”

Ọjà hó yèè. Bísíríyù tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí káàdì tó máa bá ẹ̀bùn náà lọ pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe aago yìí, pé irọ́ ni Súwísálándì ojú rẹ̀. Ojú ti Ìyá Tàbítà, ṣùgbọ́n kò sí àyè àtira òmíràn mọ́. Ọdẹ́jìnmí gé okùn aago náà kúrú, Ìyá Tàbítà sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú káàdì.

Lọ́sàn-án, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, Ọ̀gá Fádípẹ̀ ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo èrò. Baba bú sẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ òsì kí wọ́n so aago náà mọ́ ọn.

“Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà,” ó ní, “ẹni tó kọ èyí ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ kí n tó mú ẹgba.”

Nítorí náà, kí onílé gbọ́, kí àlejò gbọ́, kí ọba orí ìtẹ́ àti ológìnní ìdí ààrò gbọ́: láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀, Ọdẹ́jìnmí Àkànjí dojú ìjà kọ bébà, bébà sì ṣubú!